Nebraska pẹ̀lú Oklahoma, 1971: odindi fídíò ni kí ẹ wò, ẹ fi àgékúrú sílẹ̀

Tí ẹ bá tẹ Nebraska àti ọdún 1971 sórí YouTube, Johnny Rodgers, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ti yunifásítì Nebraska, ló máa kọ́kọ́ yọjú. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí i látòkè, ẹnìkan kọlù ú, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, ó sì sá yáàdì 72 títí tó fi wọlé. Kò gùn rárá. Àgékúrú yẹn ni gbogbo ayé ń pín kiri, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ pé àwọn ti wo eré náà. Wọn ò tíì wo nǹkan kan. Odindi eré Nebraska pẹ̀lú yunifásítì Oklahoma tí tẹlifíṣọ̀n ABC gbé sáfẹ́fẹ́ láti ìlú Norman, ilé Oklahoma, ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1971, ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, pẹ̀lú sáà Nebraska tó bí i. Ká tètè sọ ìdájọ́ wa: ó tó wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ní àléébù tó lè mú oorun kun ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ fún un.

Fún ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá nìkan ló mọ̀, òfin tó nílò kò pọ̀. Mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sí pápá. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti gbé e síwájú tó yáàdì 10. Tó bá ṣeé ṣe, wọ́n á tún fún un ní mẹ́rin mìíràn. Bí mẹ́ta bá ti lọ tí ọ̀nà ò là, wọ́n sábà máa ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà lọ jìnnà kí alátakò lè bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Èyí ni wọ́n ń pè ní punt. Tí ẹnìkan bá gbé bọ́ọ̀lù wọ ìpẹ̀kun pápá, touchdown nìyẹn, àmì 6, wọ́n á sì gbá ọ̀kan láàárín òpó láti fi àmì 1 lé e. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè wọlé lè fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó fún àmì 3. Kò sí àfikún àkókò nínú eré yunifásítì nígbà yẹn, ọdún 1996 ni wọ́n tó mú un wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fa ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú méje tó kẹ́yìn.

Àléébù àkọ́kọ́ ti fídíò náà jẹ́ ti ìgbà rẹ̀. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni, kò fẹ̀, nítorí náà dúdú á wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lórí fóònù yín. Ẹ má fà á kó kún ojú fóònù o. Òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán ló máa gé kúrò, àwọn tó dúró sí etí pápá níbẹ̀ ni ẹ ò sì ní rí mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, Jon Harrison ti Oklahoma, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ da eré náà rú mọ́ Nebraska lọ́wọ́. Èkejì ni pé kò sí àpótí kékeré ní igun tó ń sọ àmì ayò àti àkókò tó kù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlà yẹ́lò tó ń fi ibi tí yáàdì 10 parí sí hàn. Ọdún 1998 ni ìlà yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá dìde lọ bu omi, tó bá fi máa padà dé kò ní mọ ibi tí wọ́n bá a dé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ wá bébà kan, kí ẹ kọ bí àmì ayò ṣe ń yí padà sórí rẹ̀ kí ẹ tó tan fídíò náà: Nebraska 7 sí 0, 7 sí 3, 14 sí 3, 14 sí 10, lẹ́yìn náà Oklahoma gba iwájú ní 17 sí 14. Ibẹ̀ ni ìdajì àkọ́kọ́ parí sí. Lẹ́yìn ìsinmi, Nebraska 21 sí 17, 28 sí 17, 28 sí 24, Oklahoma 31 sí 28, kí Nebraska tó fi 35 sí 31 pa á dé. Pé ẹ ti mọ bó ṣe parí kò ba nǹkan kan jẹ́, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe é ni ẹ wá wò. Fún ìgbìyànjú, ẹ máa wo ọ̀pá tí wọ́n mú dání ní etí pápá, tó ní nọ́ńbà 1 dé 4 lórí. Àwọn ọ̀pá méjì tí ṣéènì so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ yáàdì 10 gééré. Nebraska ló wọ funfun, pẹ̀lú lẹ́tà N pupa lára akoto wọn. Oklahoma, tó gbàlejò, ló wọ pupa.

Ní ti dátà, 360p tó. Ó máa ń jẹ nǹkan bíi 300MB ní wákàtí kan. Ẹni tó bá gbé e lọ sí 720p ń fi dátà ṣòfò ni, torí pé àwòrán 1971 kò ní ohun tó máa fi kún un.

Kí ló wá jẹ́ kí eré kan ṣoṣo gbé irú ìnira bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ yẹn, Nebraska ló wà ní ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà, Oklahoma ló wà ní ipò kejì, kò sì sẹ́ni tó tíì na ìkankan nínú wọn ní sáà náà. Líìgì kan náà, Big Eight, ni wọ́n jọ wà. Nebraska ti gbá mẹ́wàá, ó borí mẹ́wàá, Oklahoma ti borí mẹ́sàn-án. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń borí kò sì jọra rárá. Ẹ̀yìn Nebraska le débi pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá yẹn, Kansas State, ló rí tó àmì 17 gbà lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ mẹ́ta ni kò sì rí oókan: Missouri 36 sí 0, Kansas 55 sí 0, Iowa State 37 sí 0. Oklahoma ní tirẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ sáré ju yáàdì 470 lọ nínú eré kan, ní ìpíndọ́gba, láìka èyí tí wọ́n jù. Kò tíì sí ẹgbẹ́ yunifásítì ńlá tó ṣe irú ẹ̀ rí kí sáà yẹn tó dé.

Bob Devaney ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Nebraska láti 1962. Ní 1967 àti 1968, mẹ́fà péré ló borí nínú mẹ́wàá lọ́dọọdún, àwọn èèyàn sì ti ń kùn. Ohun méjì ló yí i padà, méjèèjì la sì ń rí nínú fídíò yìí. Ọ̀kan ni pé ó fa ètò iwájú lé igbákejì rẹ̀, Tom Osborne, lọ́wọ́, ẹni tó sọ ọ́ di ètò I: quarterback, ẹni tó ń kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù tó sì ń darí ìgbìyànjú, wà níwájú, ẹni méjì tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ ń la ọ̀nà, ẹni kejì ń gbé bọ́ọ̀lù. Èkejì ni Boyd Epley, tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní 1969 láti máa fi irin gbígbé kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lágbára. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá gbà pé irin gbígbé máa ń mú ara gan, kì í jẹ́ kéèyàn lè sáré. Ẹ wo àwọn tó ń la ọ̀nà níwájú fún Nebraska ní ìdá kẹrin eré yìí kí ẹ wá sọ bóyá ara wọ́n gan.

Ibi tí ó yẹ ká dúró pẹ́ díẹ̀ ni ètò Oklahoma, torí ẹni tí kò bá yé kò ní rí nǹkan kan ju èèyàn tó ń kọlu èèyàn lọ. Wishbone ni wọ́n ń pè é. Emory Bellard ló gbé e kalẹ̀ ní yunifásítì Texas ní 1968, Oklahoma sì kó sínú rẹ̀ láàárín sáà 1970. Èèyàn mẹ́ta ló wà lẹ́yìn quarterback: ọ̀kan sún mọ́ ọn ní àárín, méjì tó kù fẹ̀ sẹ́yìn lọ́tùn-ún àti lósì, bí igi kátápọ́ọ̀tù tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Jack Mildren ni quarterback, Leon Crosswhite ló wà ní àárín, Greg Pruitt àti Joe Wylie ló wà ní ẹ̀gbẹ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Àwọn tó ń la ọ̀nà mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹni méjì nínú alátakò sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n. Mildren á fi bọ́ọ̀lù sí ikùn Crosswhite, kò tíì ní jọ̀wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀. Tí ẹni yẹn bá dúró, Crosswhite ló ni bọ́ọ̀lù. Tó bá kọjú sí Crosswhite, Mildren á fà á yọ, á sì sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́. Níbẹ̀ ni yóò ti pàdé ẹni kejì tí wọ́n fi sílẹ̀. Tí ìyẹn bá dúró de Pruitt, Mildren á wọlé fúnra rẹ̀. Tó bá kọlu Mildren, yóò ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún Pruitt, tó ti ń sáré bọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹni kẹta sì ti ṣáájú láti là á lọ́nà. Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ dín ìyára fídíò náà kù sí 0.5, kí ẹ sì dá a dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà ní ikùn Crosswhite. Ẹ bi ara yín léèrè: ta ni wọn ò fọwọ́ kàn? Tí ẹ bá ti rí i bíi ìgbà mẹ́ta, ojú yín á là sí ìyókù.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà òde òní kì í kíyè sí. Àwọn àmì funfun kéékèèké tó to tẹ̀lé ara wọn ní inú pápá, tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú, pín fífẹ̀ pápá sí mẹ́ta ọgbọọgba nígbà yẹn. Tí bọ́ọ̀lù bá wà lórí àmì òsì, nǹkan bíi yáàdì 35 ló ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún. Ọdún 1993 ni wọ́n sún àwọn àmì náà mọ́ àárín. Fún ẹni bíi Pruitt, àyè yẹn ju ẹ̀bùn lọ. Ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ kí Oklahoma tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa mọ ibi tí wọ́n ń lọ ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní pápá.

Nebraska mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ètò wọn ni pé kí Pruitt má rí àyè rárá, ohun yòówù kó ná wọn. Willie Harper, nọ́ńbà 81, àti ẹnìkejì rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì ń dúró de ìjùsẹ́yìn, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń sáré wá síwájú láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ṣiṣẹ́: yáàdì 53 péré ni Pruitt rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí wọ́n san. Níwọ̀n bí gbogbo wọn ti ń wo Pruitt, Mildren ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ àárín lọ, ó ju yáàdì 100 lọ lọ́jọ́ yẹn, ó sì fi ẹsẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Níwọ̀n bí àwọn ará ẹ̀yìn sì ti ń sáré wá síwájú, ẹnìkan ṣoṣo, Bill Kosch, ni wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú Harrison, iṣẹ́ tí kò mọ́ ọn lára. Mildren àti Harrison ti jọ gbá bọ́ọ̀lù láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Abilene, Texas. Ẹgbẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé kì í ju bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí wọ́n lọ sinmi, Mildren ju yáàdì 24 sí Harrison, touchdown, Oklahoma sì wọ inú ilé lọ pẹ̀lú 17 sí 14.

Ní èrò tiwa, àṣìṣe kọ́ ni ètò Nebraska. Kò sí bí èèyàn mọ́kànlá ṣe lè dí gbogbo ọ̀nà mẹ́rin tí Oklahoma ní. Wọ́n yan èyí tí kò ní dùn wọ́n tó ìyókù. Àwọn tó ń sọ pé Kosch ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n ń fi ọ̀ràn lé ẹni tí kò dá a lórí.

Ẹni tí ẹ kò gbọdọ̀ gbójú fò ni Rich Glover, nọ́ńbà 79, tó dúró ní àárín gbùngbùn níwájú ẹni tó ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún Mildren. Kò tóbi, nǹkan bíi kílò 106 ni. Ẹni tó kọjú sí i, Tom Brahaney, wà lára àwọn tó dára jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Wọ́n ka ìgbà 22 tí Glover kópa nínú dídá ẹni lulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kámẹ́rà ABC máa ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń kúrò lára Glover tètè. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ wo ìgbìyànjú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má wo bọ́ọ̀lù rárá, ọwọ́ Glover ni kí ẹ wò. Ó máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbá Brahaney dúró, á dúró díẹ̀ kó mọ ibi tí eré kọrí sí, kó tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹni tí wọ́n lérò pé yóò máa ti èèyàn síwájú nìkan ló ń sáré lọ mú Mildren ní etí pápá.

Ìdajì kejì ni Jeff Kinney, nọ́ńbà 35, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó ju yáàdì 170 lọ, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á lọ kọlu ẹnìkan, Kinney á wo ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti ṣí, á sì tẹrí ba wọlé, yáàdì mẹ́rin, yáàdì márùn-ún, mẹ́ta. Aṣọ rẹ̀ ń ya díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kù bí àkísà lára rẹ̀. Ẹ má rò pé aṣọ burúkú ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń rán an lẹ́lẹ́ kó lè ya mọ́ alátakò lọ́wọ́ ni, òfin kò sì tíì dá a dúró nígbà náà. Ibi yìí ni fídíò náà ti máa ń sú àwọn tó bá àgékúrú Rodgers wá. Ẹ ní sùúrù.

Ó ku ìṣẹ́jú bíi méje nígbà tí Mildren tún ju ọ̀kan sí Harrison, touchdown, Oklahoma 31, Nebraska 28. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Nebraska ní yáàdì 26 tiwọn. Láti ibẹ̀ títí dé òpin ni ohun tí a fi ní kí ẹ wo odindi. Tí Nebraska bá gbá àmì 3, ọ̀mì ni. Tí wọ́n bá pàdánù bọ́ọ̀lù, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ Oklahoma jẹ gbogbo àkókò tó kù. Wọ́n sì tún ní láti fi àkókò ṣòfò fúnra wọn, torí ẹni tó bá tètè wọlé á fún Mildren ní àyè láti dáhùn. Ìgbìyànjú 12, yáàdì 74, ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ máa fi bébà yín tẹ̀lé e. Ní ìgbìyànjú kẹta, ó ku yáàdì 8, ní yáàdì 46 Oklahoma, Jerry Tagge, quarterback Nebraska, ò rí ẹni tó máa jù sí, ó sá kúrò lójú kan, ó wá rí Rodgers láàárín. Bọ́ọ̀lù náà lọ sílẹ̀ jù, Rodgers kúnlẹ̀ gbé e nílẹ̀ẹ́lẹ̀, yáàdì 11. Ká ní ó já bọ́, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń pín èyí kiri, bẹ́ẹ̀ ó ṣòro ju yáàdì 72 yẹn lọ. Lẹ́yìn náà, Kinney, Kinney, Kinney, Kinney, ó sì fi yáàdì 2 wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 38.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí Oklahoma jẹ́ àbùkù inú ètò wọn gan-an. Wishbone ń jẹ àkókò, kò sì sí bó ṣe lè yára gba yáàdì 80. Ẹni méjì péré ló sábà máa ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń dáàbò bo quarterback náà ò sì mọ́ dídúró pẹ́ lára. Larry Jacobson, nọ́ńbà 75, mú Mildren balẹ̀ lẹ́yìn. Ní ìgbìyànjú kẹrin, Glover gbá bọ́ọ̀lù tó jù lulẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Oklahoma ló ní yáàdì tó pọ̀ jù, 467 sí 362. Àmì ayò la sì ń kà.

Ọ̀rọ̀ punt yẹn náà kò ṣeé fò. Àwọn ọmọ Oklahoma ṣì ń sọ ọ́ títí dòní pé ẹnìkan lára Nebraska ti èèyàn wọn láti ẹ̀yìn nígbà tí Rodgers ń sá lọ, pé fáwùlù ni, kò yẹ kí touchdown náà dúró. Rẹfirí ò fọn fèrè. Ẹ dín ìyára kù sí 0.25, kí ẹ tún un wò tó bá ṣe wù yín: kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà ní ìhà tó wúlò, àwòrán ò sì mọ́ tó láti fi dájọ́. Ohun tó dájú ni pé fáwùlù kan péré ni wọ́n fọn nínú odindi eré náà, yáàdì 5, ẹnìkan ló ṣáájú bọ́ọ̀lù. Fún eré tó le tó báyìí, ìmọ́tótó rẹ̀ yani lẹ́nu.

Ohùn tẹlifíṣọ̀n kò burú. Chris Schenkel ló ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú Bud Wilkinson, ẹni tó kọ́ Oklahoma fún ọdún 17, tó sì fi wọ́n borí eré 47 léraléra láàárín 1953 sí 1957. Èèyàn lè retí pé yóò fì sápá kan. Kò fi bẹ́ẹ̀ fì. Àbùkù wọn ni pé wọn ò ṣàlàyé ètò tó. Wọ́n gbà pé ẹ ti mọ̀. Tí ẹ bá rí ohùn Lyell Bremser, ẹni tó ń sọ ọ́ lórí rédíò KFAB fún àwọn ará Nebraska, ẹ gbọ́ ti punt Rodgers lẹ́nu rẹ̀. Kò fi ojúsàájú rẹ̀ pamọ́, ó sì dùn ju ti ABC lọ.

Ìyókù sáà náà kò gba kí ẹ lo àkókò kan náà lé e lórí. Oregon 34 sí 7, Minnesota 35 sí 7, Texas A&M 34 sí 7, Utah State 42 sí 6: alátakò kò ní ìdáhùn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé àwọn ìpele kejì ló ń parí eré. Colorado ni a lè yọ sọ́tọ̀, 31 sí 7, torí pé ẹgbẹ́ gidi ni. Hawaii, 45 sí 3, ẹ fò ó.

Orange Bowl, eré tí wọ́n fi parí sáà náà ní Miami, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1972, ni kí ẹ fi tẹ̀lé ti Oklahoma. Alabama, tí Bear Bryant jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, ni wọ́n bá pàdé, òun náà kò tíì pàdánù, òun náà sì ti yí sí wishbone ní sáà yẹn. Sáà yẹn náà ni John Mitchell àti Wilbur Jackson di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ pápá fún ẹgbẹ́ àgbà Alabama. Àwọn kan rò pé yóò jọ ti Norman. Nebraska gbo ewúro sí wọn lójú: 28 sí 0 kí wọ́n tó lọ sinmi, 38 sí 6 ní òpin. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Wọ́n ti bá èyí tó dára jù nínú irú ètò náà pàdé ní oṣù kọkànlá, Alabama ò sì ní Harrison tí yóò fi jẹ wọ́n níyà tí wọ́n bá sáré wá síwájú. Rodgers tún gbé punt kan wọlé níbẹ̀, yáàdì 77, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn fáwùlù lórí ìyẹn.

Nebraska borí gbogbo eré 13 tí wọ́n gbá, àmì 507 tí wọ́n jẹ, 104 tí wọ́n gbà wọlé. Nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó kẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìròyìn AP (Associated Press), àwọn ló wà ní ipò kìíní, Oklahoma kejì, Colorado kẹta, Alabama kẹrin. Wọ́n ti na gbogbo mẹ́ta tó tẹ̀lé wọn. Jacobson gba Outland, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó dára jù láàárín àwọn ará ìlà iwájú, ní sáà yẹn, Glover gba tirẹ̀ ní 1972, ọdún kan náà tí Rodgers gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù.

Ta ló yẹ kó wò ó? Àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní ilé-ìwé, tí wọ́n sì ń jókòó sí etí pápá láìmọ ohun tó ń lọ, á jèrè rẹ̀ jù. Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́: Adewale Ogunleye ti gbá a ní Indiana, Kabeer àti Akbar Gbaja-Biamila gbá a ní San Diego State. Ètò wishbone ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ṣùgbọ́n fífi ẹnìkan sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí quarterback sì máa wò ó, ni wọ́n ṣì ń lò ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama níbẹ̀ lónìí. Inú eré yìí ló ti rọrùn jù láti rí, torí pé wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan láìsí àwọ̀ mìíràn lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù lọ jìnnà ní gbogbo ìgbà, kó wá ọdún mìíràn.

A fún eré Norman ní mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún, ààbọ̀ tó sọnù ni ti kámẹ́rà. Orange Bowl gba mẹ́ta. Tí àkókò yín ò bá tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kẹrin ti Norman, nígbà tí Oklahoma ṣì wà lẹ́yìn ní 28 sí 24, kí ẹ sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.